Ẹ̀fẹ̀, Àwàdà àti Àpárá nínú Àríyànjiyàn Àwọn Aṣòfin

Nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí aṣòfin kankan kò fi ẹnu rẹ̀ sọ. Àwọn akọ̀wé ilé ni ó ń fi wọ́n sí àárín àkámọ́ láti fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́: ẹ̀rín músẹ́, ẹ̀rín, ariwo, àtẹ́wọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Hansard, a máa ṣe bákan náà fún ẹ̀rín. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ìjọba ń sanwó fún akọ̀wé kí ó lè máa ṣọ́ ìgbà tí àwọn àgbàlagbà bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀rín gbà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ìbínú gbà. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí kò mọ̀ bóyá ilé rẹ́rìn-ín tàbí kò rẹ́rìn-ín, kò tíì mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí èdè Yorùbá-Nàgó. Èdè Faransé ni èdè ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, òun náà ni a sì fi ń kọ òfin. Àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ni ará ìlú ń bi léèrè ohun tí wọ́n sọ ní ilé ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ òfin tí kò túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ ti jẹ́ kí àpárá di èébú létí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì ti lè jẹ́ kí èébú gidi kọjá bí ẹni pé eré ni. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí a mọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́, ibi tí àṣà fi àyè sílẹ̀ fún un, òfin tí ó so ó mọ́lẹ̀, àti ọ̀nà tí àwọn aṣòfin ń gbà hun ún.

1. Àwọn orúkọ tí Yorùbá ń pè é

Èdè Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwàdà ni ó gbòòrò jù lọ nínú wọn: ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, kò sì pọn dandan kí ó ní ẹni tí ó ń bá wí. Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí a hun, tí ó sábà máa ń ní ìtumọ̀ mìíràn nísàlẹ̀. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òun náà ni orúkọ eégún akọrin tí ń jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àpárá máa ń wà láàrin àwọn tí ó mọ ara wọn, tí ọ̀kan lè sọ kí èkejì sì dá a padà. Yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀sín wà fún ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Èébú kò wá ẹ̀rín rárá. Ìbínú tàbí ìtìjú ni ó ń wá.

Gírámà èdè náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìyàtọ̀ yìí. A máa ń sọ pé ènìyàn méjì «ń bá ara wọn ṣàwàdà», tàbí pé wọ́n «jọ ń dá àpárá». Ọ̀rọ̀ bí «bá» àti «jọ» fi hàn pé ẹni méjì ni ó ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ pé ẹnìkan «fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́», tàbí pé ó «bú u». Níhìn-ín, ẹnìkan ni olùṣe, ẹnìkejì sì jẹ́ ẹni tí a ṣe é sí. Kò sí ẹni tí ń sọ pé àwọn méjì jọ fi ọ̀kan ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó sì ka ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà mọ́ àwọn olùṣe. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí aṣòfin kan sọ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí a sọ ọ́ sí ní àyè láti dá a padà?

2. Àyè tí àṣà fi sílẹ̀

Kò sí àwùjọ tí ó gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀fẹ̀ níbikíbi. Àwọn ènìyàn kan ni a yàn fún un, àwọn àsìkò kan sì wà fún un. Láàrin Yorùbá, ìyá àgbà lè pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọkọ òun, kí ó sì máa jowú ìyàwó rẹ̀ ní gbangba; gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín, ojú kò sì ní í ti ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ àna ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìpàdé ẹbí ni yóò dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Málì, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní Bùrùkínà àti ní Nìjẹ́ẹ̀, irú àyè yìí ti tóbi ju ẹbí lọ: ẹ̀yà kan sí èkejì ni ó ń dá àpárá. Ọmọ Serer àti ọmọ Joola lè pe ara wọn lẹ́rú níbi tí wọ́n bá ti pàdé, kí wọ́n sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO fi àpárá ẹ̀yà sí ẹ̀yà ti ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀ sínú àkójọ ogún àṣà àgbáyé.

Ní Kétu, àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé ìgbìmọ̀ jù lọ ni òru Ẹ̀fẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ní, wà lára àwọn iṣẹ́ àṣà tí UNESCO kéde ní ọdún 2001, ó sì wọ inú àkójọ ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2008. Kí ijó ọ̀sán tó wáyé, eégún akọrin a jáde ní òru, ní gbangba ọjà. Ó kọ́kọ́ júbà: ó júbà àwọn òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àwọn àgbà ìlú. Lẹ́yìn èyí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí olè, onírẹ́jẹ àti ìjòyè tí ó ṣi agbára lò. Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A kì í pe akọrin náà lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ó wí ní òru yẹn.

Ohun mẹ́ta ni ó dáàbò bo akọrin Ẹ̀fẹ̀: ìjúbà tí ó ṣe, ibi àti àsìkò tí gbogbo ìlú mọ̀, àti àdéhùn pé kò sí ẹni tí yóò fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò rí ohun mẹ́ta yìí níbẹ̀. Aṣòfin gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ abẹnugan kí ó tó sọ̀rọ̀. Inú ilé àti àsìkò ìjókòó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ààbò. Òfin sì gbà á lọ́wọ́ ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1689 ni ó sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ìjókòó wò. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990, ní abala 90, fi lélẹ̀ pé a kò lè mú aṣòfin nítorí èrò tí ó sọ tàbí ìbò tí ó dì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó kọ òfin wọ̀nyí kò ronú kan Kétu, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n dojú kọ: bí a ó ṣe jẹ́ kí ẹnìkan sọ òtítọ́ fún alágbára láìjẹ́ pé ó pa á lára.

3. Òfin tí ó so ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀

Ààbò nìkan kò tó. Ìjánu gbọ́dọ̀ wà. Ní ilé ìgbìmọ̀ kékeré ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹgbẹ́ méjì kọjú sí ara wọn. Ìlà pupa kan wà lórí ẹní níwájú apá kọ̀ọ̀kan, ìtàn ibẹ̀ sì sọ pé àyè tí ó wà láàrin ìlà méjèèjì ju gígùn idà méjì lọ. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ìlà náà kọjá. Ọ̀rọ̀ sísọ náà ní ìlà tirẹ̀. Aṣòfin kì í bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Abẹnugan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, orúkọ ẹkùn ìdìbò ni ó sì fi ń pe ẹni tí ó ń bá jà. Kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀, abẹnugan yóò ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ; bí ó bá kọ̀, yóò jáde fún ọjọ́ náà.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọdé tí ó wà láàrin àgbà, tí ó sì fẹ́ pa òwe, a kọ́kọ́ sọ pé «tótó ó ṣe bí òwe», àwọn àgbà a sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Kò sí ọmọ tí a kọ́ tí yóò sọ fún àgbà pé «irọ́ lẹ pa». Yóò ní bóyá àgbà náà gbàgbé ni, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ létí òun. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ó sọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi mú un.

Ìdènà yìí gan-an ni ó ń bí ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí a bá di ojú ọ̀nà tààrà, ọ̀rọ̀ a wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ wáyé ní oṣù kejì ọdún 1906. Winston Churchill, tí ó jẹ́ igbákejì mínísítà fún àwọn ilẹ̀ àmúsìn nígbà náà, ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà tí wọ́n kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Àwọn kan pe ipò àwọn òṣìṣẹ́ náà ní oko ẹrú. Churchill ní bí a bá lo ọ̀rọ̀ yẹn ní kíkún ìtumọ̀ rẹ̀, a lè kó sínú àṣìṣe nípa ìlò ọ̀rọ̀-ìperí. Ó lo ọ̀rọ̀ gígùn méjì tí ó le lẹ́nu láti fi sọ èyí. Àwọn ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì náà, wọ́n sì sọ wọ́n di orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún irọ́, títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí a fi ṣọ́ra sọ ni ó di àwàdà gbogbo ìlú.

4. Bí a ṣe ń hun ún

Ẹ̀fẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ tí ó pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́ta.

Èkíní ni àfiwé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, Denis Healey ni mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Geoffrey Howe, láti ẹgbẹ́ alátakò, ti bá a wí gidigidi lórí ètò rẹ̀. Howe jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Healey dìde, ó ní ìbáwí náà dà bí ìgbà tí òkú àgùntàn bá bu ènìyàn jẹ. Kò pe Howe ní òmùgọ̀, kò sì dáhùn ohun tí Howe sọ nípa owó. Àwòrán kan ṣoṣo ni ó gbé kalẹ̀, àwòrán náà sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ alátakò náà lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí Howe di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1983, Healey kí i kú oríire. Howe ní ìkíni náà dà bí ìgbà tí àgbò arúgbó kan bá ń fi imú ra òun lára. Àgùntàn ti jí, ó sì ti dá àpárá padà. Ìdáhùn yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ọdún 1978 kúrò ní yẹ̀yẹ́.

Èkejì ni fífi ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe àpèjúwe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Vince Cable sọ pé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olórí ìjọba, Gordon Brown, ti para dà láti Stalin di Mr Bean. Stalin ni aláṣẹ Rọ́ṣíà tí kì í gba èsì. Mr Bean ni aláwàdà inú tẹlifíṣọ̀n tí kò lè fọwọ́ kan nǹkan kí ó má dàrú. Ẹnu ọ̀nà méjì ni ẹ̀fẹ̀ náà gbà wọlé: ó bá ìwà líle tí àwọn ènìyàn ti ń ráhùn sí tẹ́lẹ̀ wí, ó sì bá ìdàrúdàpọ̀ tuntun wí, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ìfọ̀rọ̀dárà, níbi tí ìró ọ̀rọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́. Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ ní ọ̀nà yìí nítorí ohùn rẹ̀. Bí olùbánisọ̀rọ̀ kan bá sọ pé «ẹni tí ó ní owó tí kò ní ọ̀wọ̀, ọwọ́ òfìfo ni ó ní», ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó sún mọ́ ara wọn létí ni ó fi kọ ìdájọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin «ọ̀wọ̀» àti «ọwọ́» kò ju ohùn lọ. Ẹ̀fẹ̀ irú èyí kì í kọjá láti èdè kan sí èkejì. Inú èdè tí a ti bí i ni ó máa ń kú sí.

A lè fi oríṣi kan kún un tí kì í ṣe ọ̀nà ìhun bí kò ṣe ti àsìkò: ẹ̀fẹ̀ tí ń tu ènìyàn lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1990, Margaret Thatcher kéde pé òun yóò fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó gbọ́dọ̀ dìde láti gbèjà ìjọba rẹ̀ níwájú ilé. Aṣòfin kan bi í bóyá yóò máa bá ìjà rẹ̀ lọ lòdì sí owó kan ṣoṣo àti báńkì àpapọ̀ fún Yúróòpù. Kí ó tó dáhùn, Dennis Skinner, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ, ké láti ìjókòó rẹ̀ pé rárá, Thatcher ni yóò di ọ̀gá báńkì náà. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Thatcher gba ẹ̀fẹ̀ náà mọ́ra, ó ní èrò tí ó dára ni, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun ń gbádùn ìjókòó náà. Ẹni tí ilẹ̀ ti mọ́ bá nínú ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀ títí dé òpin bí ẹni tí ó borí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni a fi ń rín in. Níhìn-ín, ọ̀tá ni ó mú ẹ̀rín náà wá.

5. Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì

Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ a jáde wá sí ìgboro, a sì di ọ̀rọ̀ inú èdè. Ilẹ̀ Yorùbá ní àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí gbogbo onímọ̀ èdè mọ̀.

Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní ọdún 1915, jẹ́ olórí alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà ní Ìbàdàn, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀. Ẹlẹ́nu bí idà ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó gbilẹ̀, nígbà tí ó ń bá àwọn alátakò rẹ̀ wí, ó pe ipò tí nǹkan wà ní «peculiar mess», èyí tí í ṣe rúdurùdu tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ìró náà, wọ́n sì mọ̀ láti ojú rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Wọ́n sọ ọ́ di «pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì». Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Wọlé Ṣóyínká lò ó nínú àkọlé ìwé tí ó kọ nípa ìgbà náà, tí ó jáde ní ọdún 1994. Títí di òní, ẹni tí ó bá wọ inú ìjọ̀gbọ̀n ń sọ pé òun ti kó sínú pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà di ti Yorùbá ṣe kedere. Èdè Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìdì kọ́ńsónáǹtì tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tú, «s» ìparí sì gba «i» sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì di ẹyọ kan. Àwọn fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì tí ó yàtọ̀ síra gbogbo wọn di «ẹ», àfi èyí tí a fi parí ọ̀rọ̀. Ibi yìí ni ẹ̀wà rẹ̀ wà. Yorùbá ti ní àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí ìró wọn ń fi ìdàrúdàpọ̀ hàn, bí «rúdurùdu», «jágbajàgba» àti «wúruwùru», tí fáwẹ̀lì kan náà ń padà wá nínú wọn. Ó jọ pé etí àwọn ará Ìbàdàn gba ọ̀rọ̀ àjèjì náà sí ẹgbẹ́ ìwọ̀nyí. Wọn kò túmọ̀ Adélabú. Wọ́n fún un ní ibùgbé nínú èdè wọn. Ẹ̀fẹ̀ kejì tún wà nínú rẹ̀: wọ́n ń fi ẹnu ara wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi èdè àwọn tí ń ṣàkóso rẹ́rìn-ín.

6. Nígbà tí eré bá já

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ilé ìgbìmọ̀ kan náà tí ó bí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì rí èkejì nínú òwe yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjà ti wà láàrin Awólọ́wọ̀ àti S. L. Akíntọ́lá, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Ẹkùn náà. Àwọn aṣòfin pé jọ láti mọ ẹni tí ilé tì lẹ́yìn. Bí ìjókòó ti ń bẹ̀rẹ̀, aṣòfin kan fò sórí tábìlì, ó ń ké igbe kan tí àwọn ọmọdé máa ń ké nígbà eré. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọ̀pá àṣẹ ilé fọ́, àwọn ọlọ́pàá sì da èéfín atanilójú sínú ilé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fún oṣù mẹ́fà. Igbe eré ni wọ́n ké, ṣùgbọ́n kò sí eré nínú rẹ̀. Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ahọ́n wọn dùn jù lọ nínú òṣèlú Yorùbá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò gbà mọ́ pé ẹnìkejì ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn, adùn ahọ́n kò gba ẹnikẹ́ni là.

Àpẹẹrẹ kejì kò ní ìjà nínú, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni. Ní Parisi, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, bí aṣòfin obìnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ ní alẹ́, aṣòfin ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí adìyẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Abẹnugan dá ìjókòó dúró, àwọn aṣòfin obìnrin kan sì fi ìbínú hàn ní ọjọ́ kejì. Wọ́n yọ ìdámẹ́rin owó oṣù kan lára owó ọkùnrin náà, èyí tí ó jẹ́ 1.378 euro. Ó tọrọ àforíjì. Bí a bá tún lo ìbéèrè ìṣáájú, ìdáhùn rọrùn: obìnrin náà kò ní ohun tí yóò dá padà, nítorí igbe adìyẹ kì í ṣe èrò tí a lè fi èrò mìíràn borí. Jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ ni wọ́n bá wí. Ohun tí ó ń sọ kò kan igbe náà. Ẹ̀rín wáyé, àmọ́ yẹ̀yẹ́ ni ó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

7. Iṣẹ́ tí ó kan àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀

Ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, àpérò orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yí ìjọba padà láìta ìbọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó tẹ̀lé e ní Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣòfin 64 ní ọdún 1991. Wọ́n di 83 ní ọdún 1995, wọ́n sì di 109 ní ọdún 2023. Àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ pọ̀ nínú wọn tí kò gbọ́ Faransé. Bí ilé tí a kọ́ ní orúkọ ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín, tí òun kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àlejò ni ó jẹ́ nínú ilé náà. Yóò sì rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìfura yìí ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ju òfin búburú lọ nígbà mìíràn.

Ohun mẹ́rin ni ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Èkíní, kí ó mọ oríṣi ẹ̀fẹ̀ kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. Àfiwé sábà máa ń kọjá: òkú àgùntàn tí ń bu ènìyàn jẹ ń pa ará Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́rìn-ín bí ó ti pa ará Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àgùntàn jẹ́ ẹran pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Fífi ẹni tí a mọ̀ ṣe àpèjúwe nílò ìṣọ́ra. Ó lè wu olùtúmọ̀ láti fi Ìjàpá rọ́pò Mr Bean, nítorí pé àwọn méjèèjì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ni yóò jẹ́: ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ìjàpá, ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹ̀sùn tí Cable sì fi kan olórí ìjọba ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ní ti ìfọ̀rọ̀dárà, ó sàn kí a sọ ní gbangba pé aṣòfin náà fi ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọ ara wọn ṣeré, kí a sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Àlàyé kò lè pa ni lẹ́rìn-ín tó ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju kí a pa á mọ́ lọ.

Èkejì, kí ó fi àmì ohùn sí i. Bí a bá kọ gbólóhùn owó, ọ̀wọ̀ àti ọwọ́ láìsí àmì, òǹkàwé tuntun yóò rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní í rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi rẹ́rìn-ín. Kò sí ibi tí a ti lè fi àǹfààní àmì ohùn han àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kíákíá ju inú ẹ̀fẹ̀ lọ. Olùkọ́ lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sójú pátákó láìsí àmì, kí ó ní kí wọ́n kà á, kí ó wá fi àmì sí i lójú wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ó máa kọ ẹ̀rín sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà tí ó ti kọ́ ìwé ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ní èdè Yorùbá. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún iṣẹ́ yìí, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn akọ̀wé Parisi lọ: «ẹ̀rín músẹ́» yàtọ̀ sí «ẹ̀rín», «ẹ̀rín ẹlẹ́yà» sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan nínú àkámọ́ lè gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ aáwọ̀ nígbà tí ẹni tí kò wá sí ìpàdé bá ka ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe fi ẹ̀fẹ̀ bo èébú mọ́lẹ̀. Nígbà tí aṣòfin bá bú ènìyàn, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí olùtúmọ̀ sọ: ó bú u, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí ó dìbò. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́; iṣẹ́ ẹni tí ó ń gbé e láti èdè kan sí èkejì ni pé kí ó gbé e dé ọwọ́ olówó rẹ̀ bí ó ti gbà á.